Àtàǹpàkò Bàbá Ògúndìran

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù kẹrin, 2025. Idigny.

Wọ́n dé lónìí. Ọkọ̀ oníná mẹ́ta, funfun, tí kò pariwo rárá — ewúrẹ́ kò tilẹ̀ yà fún wọn. Géraud ni olórí wọn, ọmọ Kútọnu. Mo ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ń sọ Faransé, èmi tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn orílẹ̀-èdè àgbègbè wa ti da owó pọ̀: mítà tuntun tó ń ronú fúnra rẹ̀, àti alùpùpù oníná fún àwọn tó ń gbé èrò. A ò ní ra epo inú ìgò mọ́.

Mo gba ìwé wọn, mo kà á tán. Ojú ewé méjìlélọ́gọ́ta. Àwọn ìjọba tí kò lè fẹnu kò lórí ìgbà tí ẹnubodè yóò ṣí, báwo ni wọ́n ṣe fẹnu kò lórí iná Idigny? Mi ò rí ìdáhùn. Abala kẹsàn-án ni mo rí. Lọ́jọ́ karùn-ún oṣooṣù, ẹni tó ni orúkọ gbọ́dọ̀ tẹ̀ka sórí ẹ̀rọ. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, tàbí bó bá kú, gbogbo ohun tó wà lórúkọ rẹ̀ yóò dákẹ́, títí ilé ẹjọ́ yóò fi yan àrólé. Ilé ẹjọ́! Ọdún mélòó nìyẹn?

Ọjọ́bọ̀, 10 oṣù kẹrin.

Ìforúkọsílẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ní kí kálukú tẹ̀ka tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde. Séidou, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló sọ̀rọ̀: Bàbá jókòó, kí òun wá tẹ̀ka ṣáájú wọn, ṣé orí òun ti dàrú ni? Òótọ́ ni. Ilẹ̀ wa, kànga wa, orúkọ Bàbá Ògúndìran ló wà lórí gbogbo rẹ̀. Mítà méje, alùpùpù mọ́kànlá — orúkọ kan. Ó dùn mọ́ Ẹlẹ́rìn-ín nínú: fọ́ọ̀mù kan dípò méjìdínlógún.

Bàbá na àtàǹpàkò sókè. "Ìka tí mo fi ń ti áṣáà símú ti di mínísítà!" Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín.

Ó wá yíjú sí mi. "Ìyàwó mi, kí ló kù?"

Abala kẹsàn-án ló kù. Bàbá ló bí ọkọ mi tó ti dolóògbé. Ta ni yóò la ẹnu sọ fún bàbá ọkọ rẹ̀, lójú àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ, pé "bí ẹ bá kú"? Mo ní, "Kí ẹ sáà máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù, Bàbá." Ẹlẹ́rìn-ín bi mí ní Faransé bóyá mo ti sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ka sí ìtọ́jú mi. Wọ́n gba ohùn mi sínú rẹ̀: "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ̀mí yín á gùn. Ó doṣù tó ń bọ̀."

Àbámẹ́ta, 19 oṣù kẹrin.

Alùpùpù dé. Wọ́n kó àwọn àtijọ́ lọ, pàṣípààrọ̀ ni. Séidou fọwọ́ gbá tirẹ̀ lórí àga bí ẹni ń dágbére fún ẹṣin.

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù karùn-ún.

Bàbá tẹ̀ ẹ́. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Ohùn mi kí i láti inú ẹ̀rọ, Bàbá dáhùn: "Àṣẹ!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà, díẹ̀.

Ọjọ́rú, 21 oṣù karùn-ún.

Ó yẹ kí n yìn wọ́n. Séidou ń lọ Kétu, ó ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Victorine, àbúrò ọkọ mi, ti ra firísà ńlá. Ẹja rẹ̀ ń dé ìlú Adakplamè. Ṣùgbọ́n ẹnì kan níbi tó jìnnà mọ wákàtí tí mo ń paná ìwé kíkà mi. Mo sọ ọ́ fún Victorine. Ó ní: "Ìyàwó wa, ìwé ti pọ̀ jù lágbárí rẹ. Iná ń tàn, ìwọ ń wá òkùnkùn kiri."

Ó ṣeé ṣe. Bàbá ń wúkọ́ láti ọjọ́ Àìkú.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 oṣù karùn-ún.

Bàbá ò jẹun mọ́. Mo pe Ẹlẹ́rìn-ín lórí fóònù: ṣé a lè pín orúkọ náà báyìí? Ó ní kò sí wàhálà, kí ẹni tó ni ín wá sí ọ́fíìsì ní Kútọnu fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò lè yí ẹ̀gbẹ́ padà!

Mo sọ abala kẹsàn-án fún Séidou. Ó ní, "Màmá, ẹ ti mọ̀ látọjọ́ náà?" Ó mí kanlẹ̀, ó ní kò kúkú sẹ́ni tó lè sọ ọ́ lójú Bàbá. Ì bá sàn kó bú mi. Ìdáríjì rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́rú, 4 oṣù kẹfà.

Bàbá papò dà ní ìdájí. Victorine ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sunkún títí àwọn ẹbí wa ní Kétu yóò fi pé. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Ikú àgbà kì í sáré jáde lẹ́nu. Ẹni tó bá béèrè, Bàbá ń sinmi.

Ọ̀la ni ọjọ́ karùn-ún.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù kẹfà.

Wọn ò bẹ̀ mí. Wọ́n kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Bàbá ní òwúrọ̀, àwọn mọ́kànlá, alùpùpù wọn lẹ́yìn wọn. Séidou ní, "Màmá, ẹ mú un wá."

Mo lè sọ pé rárá. Mo ń kọ ọ́ síbí kí n má bàa purọ́ lọ́jọ́ iwájú: mo lè sọ pé rárá.

Ìka náà ti le. Séidou fi omi gbígbóná mú un rọ̀, ó nù ún gbẹ. Mo gbé ẹ̀rọ sábẹ́ rẹ̀. Pupa. A tún un ṣe — pupa. Lẹ́ẹ̀kẹta, àwọ̀ ewé.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ̀mí yín á gùn. Ó doṣù tó ń bọ̀."

Ohùn mi. Kò sẹ́ni tó ṣe àṣẹ.

Mo ní kí wọ́n lọ máa gbẹ́ sàréè, ọ̀la làwọn ará Kétu ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó mú ọkọ́. Ẹ̀rọ ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò. "Oṣù tó ń bọ̀ ńkọ́?" — ẹnì kan wí bẹ́ẹ̀, mi ò wojú ẹni tó jẹ́.

Nígbà tí mo jáde sí àgbàlá, Victorine ti ń kó ẹja kúrò nínú firísà, aṣọ ìbora Bàbá wà léjìká rẹ̀.