Ẹ Bá Mi Wá Bàbá Mi

Bàbá mi Àjàní,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé wọn kì í kí ẹni tó ti lọ báyìí, ṣùgbọ́n ìkíni mìíràn kò wá sí mi lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò rí ẹni bá sọ. Bí mo bá sọ ọ́ fún ọkọ mi, á fi mí rẹ́rìn-ín. Bí mo bá sọ ọ́ fún màámi, wọ́n á kúnlẹ̀. Ẹ̀yin tọ́rọ̀ kàn gan-an ni kí n kúkú bá sọ ọ́.

Yàrá wa ní Ṣógúnlé náà ni mo wà. Bàálù ṣì ń fò kọjá lórí òrùlé, a ṣì máa ń dánu dúró títí yóò fi kọjá kí a tó parí ọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà yín níwájú ilé ti di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò mọ̀ pé ọwọ́ yín ló kan bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń jókòó lé. Mo fẹ́ sọ fún wọn nígbà kan, mo sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sin yín? Àárọ̀ lẹ kú ní Ìséyìn tí ẹ̀yin àti màámi padà sí, kí oòrùn tó wọ̀ ni wọ́n ti sin yín bí ẹ̀sìn wa ṣe là á sílẹ̀. Oyún inú mi ti wọ oṣù rẹ̀ nígbà náà, àwọn àgbà sì ní aboyún kì í dé ìdí sàréè. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mi ò rí ojú yín, mi ò rí òkìtì tí wọ́n kó lé yín lórí. Ẹni tí èèyàn ò rí òkú rẹ̀, báwo ni yóò ṣe gbà pé ó kú?

Wọn ò tíì ṣe fìdáù yín ọjọ́ kẹjọ tí ọmọ fi dé. Ó jẹ́ ọkùnrin. Kí n tó wo ojú rẹ̀ dáadáa, màámi ti sọ ọ́ ní Babátúndé látorí fóònù, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Orúkọ mùsùlùmí rẹ̀ ni Rìdíwánù, ṣùgbọ́n lẹ́nu Àáfà tó sọ ọ́ lórúkọ nìkan la ti gbọ́ ọ. Bàbá ni gbogbo ilé ń pè é. Èmi sì di Ìyá Túndé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: mo di ìyá bàbá mi.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹlòmíràn a máa fi òwe yẹn tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ tó ti ń ṣiṣẹ́. Èmi jókòó sórí ibùsùn, mo gbé ọmú fún ọmọ, òwe náà sọ sí mi lọ́kàn, ẹ̀rù sì bà mí.

Nítorí pé ẹ ò jẹ́ kí n sinmi, Bàbá. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí obìnrin tó bá wà nínú ilé lè tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe? Ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó wúkọ́, ó dúró. Ó ń retí kí n ní kó wọlé. Ta ló kọ́ ọ? Bàbá tó bí i kì í wúkọ́. Ṣe ló máa ń já wọlé bí ẹni tí ajá ń lé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ti pẹ́ńsù. Ẹ mọ bí pẹ́ńsù yín kì í kúrò lẹ́yìn etí, tí ẹ ó máa wá a káàkiri ṣọ́ọ̀bù, tí a ó máa fi yín rẹ́rìn-ín. Ohunkóhun tó bá ti rí tínínrín, ẹ̀yìn etí ni ọmọ yìí ń há a sí: igi ìṣáná, ṣíbí, egungun ẹja pàápàá.

Ṣé ẹ̀yin ni? Mo ti bi yín léèrè tẹ́lẹ̀. Ẹ ò dá mi lóhùn.

Ayọ̀ ń bẹ níbẹ̀ o, kí n má purọ́. Bí bàálù bá ń kọjá, á sáré jáde, á máa juwọ́ sí i títí yóò fi lọ, á wá yíjú sí mi bíi pé òun ló ní kó máa lọ. Àmín ni ọ̀rọ̀ tó fẹ́ràn jù lọ. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ti pariwo sọ, àdúà ni létí rẹ̀. Oníṣu á kọjá, á ní iṣu rè é o, ọmọ á ní àmín.

Ṣùgbọ́n ó le. Ó ń da omi sínú bàtà, ó ń ju kọ́kọ́rọ́ sínú gààrì. Bó bá ní òun ò wẹ̀, ó parí nìyẹn, á na ara rẹ̀ gbọọrọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá mìíràn á gbá a nídìí. Èmi ńkọ́? Ṣé kí n gbá bàbá mi nídìí ni? Lọ́jọ́ tó da epo pupa sórí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, mo gbọ́wọ́ sókè. Ó wò mí, ó wúkọ́. Ọwọ́ mi bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ “ẹ” sí i. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Oúnjẹ délẹ̀, mo fẹ́ ní “wá jẹun”, “ẹ wá jẹun” ló jáde. Ọkọ mi wo ọ̀tún, ó wo òsì.

“Ìyá Túndé, àlejò wo lò ń pè?”

Mo rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ má fọwọ́ kan iná. Ẹ jẹ́ kí n nu imú yín. Àwọn ará ilé rò pé ẹ̀kọ́ ilé ni mo fi ń kọ́ ọ, wọ́n ń yìn mí. Ní ti màámi, kò tiẹ̀ ṣàjèjì sí wọn. Nígbà tí wọ́n wá kí wa, orí eékún méjèèjì ni wọ́n ti kí i, wọ́n pè é ní baálé àwọn, wọ́n sì bi í níbi tó fi kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ yín sí, èyí tí wọ́n ti ń wá látìgbà tí ẹ ti lọ. Ọmọ ronú díẹ̀, ó nawọ́ sókè sí bàálù. Màámi mi orí, bíi pé ó yé wọn.

Nígbà tó yá, wọ́n ránṣẹ́ pé ó ti ń rìn dáadáa báyìí, kí n mú un wá wo ilé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́: ilé rẹ̀. Mo ní ó dáa. Èmi náà fẹ́ rí sàréè yín.

Ẹ̀yin ò mọ ohun tó ń jẹ́ kéèyàn mú ọmọ ọdún méjì rìnrìn àjò, torí pé màámi ló máa ń pọ̀n wá, ẹ̀yin á ti lọ jókòó sápá iwájú ọkọ̀. Mo di pámpáàsì, mo di búrẹ́dì, mo rọ ògì sínú fúláàsì, mo kó aṣọ rẹ̀ mẹ́ta nítorí èébì àti tèmi kan nítorí èébì rẹ̀. Ó ní òun ló máa gbé póò òun. Kò gbé e lọ́wọ́ o, ó dé e bíi fìlà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá dé Òṣòdì, tí àwọn èèyàn ń kí i ní Àlàájì, tó sì ń juwọ́ sí wọn.

Ní páàkì, ọkùnrin tó ń pe èrò pariwo, “Ìséyìn! Ìséyìn! Ìséyìn wọlé!”

“Àmín!” ni ọmọ dáhùn.

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ti báàgì sábẹ́ ìjókòó, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, póò wà nílẹ̀. Kò sí ọmọ.

Bàbá, igbe tí mo ké, mi ò mọ̀ pé mo ní irú rẹ̀ nínú.

“Bàbá mi! Mi ò rí bàbá mi! Ẹ bá mi wá bàbá mi o!”

Òṣòdì dìde. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ Òṣòdì láìdáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó. Àwọn obìnrin sọ ẹrù kalẹ̀. Ọkùnrin tó ń pe èrò di ọwọ́ mi mú.

“Àǹtí, ẹ farabalẹ̀. Kí ni bàbá wọ̀?”

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní wọ́n wọ bùbá funfun. Mo ní wọ́n ti hewú. Mo ní wọ́n ga, èjìká òsì wọn tẹ̀ díẹ̀, pẹ́ńsù wà létí wọn. Mò ń sunkún, mò ń ṣàpèjúwe yín fún wọn láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n tú ká, wọ́n ń wá yín: lábẹ́ afárá, nídìí mọ́ṣáláṣí, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bàtà. Mò ń gbọ́ tí wọ́n ń bi ara wọn bóyá ẹnì kan rí bàbá arúgbó. Nínú gbogbo ariwo yẹn, láti apá ojú irin, ohùn obìnrin kan ń pè, “Ọmọ ta nìyí o? Ẹ̀yin èèyàn, ọmọ ta nìyí?” Etí mi gbọ́ ọ. Mi ò dáhùn. Kì í ṣe ọmọ ni mò ń wá.

Wọ́n mú bàbá kan wá. Bùbá funfun, orí tó ti hewú. Ọkùnrin méjì dì wọ́n lápá mú jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin, inú wọn ń dùn pé àwọn bá mi rí yín. Fún ìgbà díẹ̀, kí n tó rí ojú wọn dáadáa, èmi náà gbà pé ẹ̀yin ni. Ara mi ti ń sáré lọ. Ìgbà náà ni bàbá náà wò mí, àánú mi ṣe wọ́n.

“Ọmọ mi, èmi kọ́ ni bàbá rẹ. Níbo lo ti rí bàbá rẹ kẹ́yìn?”

Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí látìgbà tí ẹ ti lọ.

“Wọ́n ti kú,” ni mo wí. “Bàbá mi ti kú, wọ́n wà nílẹ̀ ní Ìséyìn. Ọmọ mi ló sọnù. Ọmọ kékeré ni.”

“Ọmọ kẹ̀!” Ọkùnrin tó ń pe èrò káwọ́ lérí. “Ọmọ kékeré lẹ wá ń sọ pé ó hewú?”

Mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Obìnrin yẹn ṣì ń pè, mo sáré gba ọ̀nà ohùn rẹ̀ lọ, mò ń dáhùn, “Ọmọ mi ni! Ọmọ mi ni o!” Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí, Bàbá, láti ọjọ́ tí mo ti bí i. Ẹ̀gbẹ́ irin ló wà, ọwọ́ obìnrin tó ń ta omi tútù dì í mú ṣinṣin lẹ́yìn aṣọ. Ọkọ̀ ojú irin fun fèrè lọ́ọ̀ọ́kán. Ọmọ ń juwọ́ sí i.

Mo jágbe mọ́ ọn. “Ṣé o fẹ́ pa mí ni? O ò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi mọ́, ṣé o gbọ́?” Mo gbọ́ “o” yẹn bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi. Ó wò mí. Mo dúró kó wúkọ́. Kò wúkọ́. Ó bú sẹ́kún, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi kí n gbé òun. Ọmọdé ni. Mo gbé e, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, àwa méjèèjì ń sunkún, obìnrin olómi ń fi omi tútù nu ojú wa.

Ó bì sí mi lára kí a tó dé Abẹ́òkúta, ó sì sùn dé Ìséyìn.

Màámi ti kúnlẹ̀ dè wá. “Baálé mi, ẹ káàbọ̀ sílé.” Ọmọ sá sẹ́yìn mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dìde.

“Màámi, ọmọ mi ni. Ọmọ mi lásán ni.”

Wọ́n wò mí títí. Wọn ò bínú.

“Bó bá jẹ́ ọmọ rẹ ni,” ni wọ́n wí, “baálé tèmi wá dà?”

Èmi ń wá bí ẹ ó ṣe fi ọmọ mi sílẹ̀, ọmọ mi yìí kan náà ni màámi sì fi ń dì yín mú. A jọ lọ sí àgbàlá nídìí sàréè yín. Ó kéré sí bí mo ṣe rò. Màámi ń ṣe àdúà, ọmọ ń bu iyẹ̀pẹ̀ sínú póò, ó ń dà á padà. Mo gbé ọwọ́ lé ilẹ̀, oòrùn ti mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo sun ẹkún tí wọn ò jẹ́ kí n sun nígbà tí mo wà nínú oyún.

Láti ìgbà tí a ti padà dé, ọmọ kò wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ó ń já wọlé bí bàbá rẹ̀. Ó da gààrì nù, mo gbá a nídìí, ó sunkún, ó gbàgbé. Rìdíwánù ni mò ń pè é báyìí, ó sì ti ń jẹ́ ẹ. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ilé dákẹ́, Bàbá. Bí bàálù bá kọjá tán, mo máa ń tẹ́tí sí ẹnu ọ̀nà, mi ò mọ ohun tí mò ń retí. Ṣé mo lé yín ni? Ṣé ẹ rò pé ẹ̀yin ni mò ń jágbe mọ́ létí irin yẹn?

Lánàá, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, mo pọ̀n ọ́n, ó sùn sí mi lẹ́yìn, mò ń ká aṣọ. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ ní Àjàó Estate. Bàálù kankan kò kọjá. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mi ò dìde lọ wò ó. Mo tún aṣọ ara mi ṣe, mo ní, “Ẹ wọlé, Bàbá.”

Lẹ́yìn mi, lójú oorun, ọmọ ní, “Àmín.”

Bí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà ní Ìséyìn. Ẹ wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà màámi náà. Ẹ sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà fún wọn.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kì í ṣe ìyá yín mọ́.