Ẹran Tí Baálẹ̀ Iná Fún Mi

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá

Ó ti dé. Tetsurō sọ ọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò: bàbá òun, Ọ̀gá Kuramochi, ní kí n wá bá àwọn jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ilé ẹran màlúù wagyu yíyan ní Kitahama, níbi tí bàbá máa ń mú ìyàwó rẹ̀ lọ kí ìyẹn tó kú. Kò tíì padà síbẹ̀ láti ìgbà náà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀? Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni mí, mo sì ti kọ ọkọ rí. Bí bàbá bá ní òun ò fẹ́, Tetsurō kò ní fẹ́ mi. Kò sọ bẹ́ẹ̀ o — ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Oorun ò wá.

Ọjọ́bọ̀, 7

Ẹ̀gbọ́n mi Chizuko pè. Ó ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yí ẹran. "Baálẹ̀ Iná ni bàbá yẹn, ìwọ náà lo sọ fún mi pé òun nìkan ló ń yí ẹran nídìí iná! Tetsurō tó jẹ́ ọmọ ẹ̀ gan-an ò tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ sáà jókòó, kó o máa sọ pé ó dùn." Mo ní bí mo bá wá sọ ọ́ jù ńkọ́? "Misao, o tún ti bẹ̀rẹ̀!" Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Aṣọ aláwọ̀ aró. Rárá — eléérú. Aró náà ni.

Tetsurō yà wá. Ó sọ ohun tí kò sọ rí: lọ́jọ́ tí wọ́n sun òkú ìyá rẹ̀, òun àti bàbá nìkan ló ṣa eegun sínú ìkòkò. Bí bàbá bá fi igi ìjẹun, igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tá a fi ń jẹun, gbé ọ̀kan, òun a fi igi tòun gbà á. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu bàbá.

Mo bi í bóyá bàbá mọ̀ pé mo ti kọ ọkọ. Ó mọ̀. Kí ló wí? Kò wí nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Mo ti délé.

Yàrá kékeré, èédú pọ́n yòò. Baálẹ̀ Iná di ẹ̀mú mú, kò wojú mi. Ó tẹ́ ẹran kan ṣoṣo sórí irin, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rá ń kán sínú iná. Ó wá fi igi ìjẹun tirẹ̀ gbé e, ó nà án sí mi. Àwo ló yẹ kí n gbé. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbá wa lọ́wọ́ nítorí rẹ̀: eegun òkú nìkan là ń fi igi gbà lẹ́nu igi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti gbà mí lọ́kàn. Igi ni mo nà.

Ẹran dúró láàárín wa. Tetsurō pariwo orúkọ mi. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá Kuramochi, ẹ má bínú.

Bàbá ò tú u sílẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n, omi kún ojú rẹ̀. "Ẹni ilé ẹni nìkan là ń bá ṣe eléyìí," ló wí. Ó wá fi í sílẹ̀ fún mi. "Jẹ ẹ́, kó má tutù."

Mo jẹ ẹ́. Mi ò mọ bó ṣe dùn tó. Ó ti tẹ́ òmíràn sórí iná kó tó tún sọ̀rọ̀, kò sì gbójú sókè.

"Tó bá kan eegun tèmi, má jẹ́ kí ọwọ́ ẹ gbọ̀n báyìí o."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá."