Ọ̀pá Ìgbòkun Lọ́jọ́ Ìsìnkú Bàámi

Màámi,

Mo kí yín, mo kí gbogbo ará Ifọ̀. Ara mi le, mo ń jẹun dáadáa, òtútù Portugal sì ti ń mọ́ mi lára.

Wòsílátù àbúrò mi ní ẹ ń bèèrè ohun tí mò ń ṣe nígbà tí ẹ ń sin Bàámi. Ibi iṣẹ́ ni mo wà, mò ń tún ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó ti gbó ṣe. Irin tó so ọ̀pá ìsàlẹ̀ ìgbòkun mọ́ òpó ọkọ̀ ti dípẹtà, mo yọ ọ́, mo fi tuntun sí i. Bàbá arúgbó tó ni ọkọ̀ ní, "Gbé ọ̀pá náà sókè díẹ̀, kó má máa gbá mi lórí."

Mo gbé e sókè, ṣùgbọ́n ìṣó onínọ́ọ̀tì tó yẹ kí n fi dè é bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ló dé?"

"Òtútù ni, sà."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ fún mi. Mo kọjú sí òpó kó má baà rójú mi.

Ẹ má bínú pé mo ní ọ̀gá mi ni kò fún mi láyè láti wá. Ọ̀gá mi kò mọ̀ pé Bàámi ti ṣaláìsí. Ìwé ìgbélùú mi ni kò tíì jáde. Bí mo bá kúrò níbí, n kò lè wọlé mọ́. Wọ́n ní kò ní pẹ́. Ọdún kẹrin nìyí tí wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀.

Inú mi dùn pé èrò pọ̀ níbi ìsìnkú náà. Ẹ bá mi kí Wòsílátù. Ẹ bá mi dé ibi sàréè, kí ẹ sọ fún Bàámi pé Adéyanjú dọ̀bálẹ̀.