Bí Etí Odò Ṣe Gbà Mí Padà

                                        Ilé Taramati Devi,
                                        Etí Odò Sigatoka,
                                        Nadroga, Fiji.
                                        Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kejìlá, 2017.

Premila, ọ̀rẹ́ àárọ̀ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú àjò. Ṣé ara le? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn láìsọ̀rọ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé èyí àbíkẹ́yìn kì í fẹ́ sọ èdè wa mọ́ ní Brisbane níbẹ̀ yẹn. Má bá a jà. Bó bá ṣáà ti ń jẹ róòtì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wa tí o yan, èdè náà wà lẹ́nu rẹ̀.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Máńgòrò ń já lu páànù láàárọ̀ lálẹ́, òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo àdúgbò, ọkàn mi sì fà sí ọ. N bá pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n o mọ̀ mí: lórí fóònù, "dáadáa ni mo wà" ni n ó sọ, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ojú ọjọ́.

Láti ìgbà tí Jagdeo, ọkọ mi, ti kú, èmi nìkan ni mo ṣẹ́kù sínú ilé yìí. Mi ò dáná mọ́. Ta ni n ó máa se é fún? Búrẹ́dì funfun, bísíkíìtì àti tíì tí ṣúgà rẹ̀ pọ̀ ju omi lọ ni mò ń jẹ. Bí mo bá jí, mo di orí àga Jagdeo, n ó máa wo tẹlifíṣọ̀n títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àtọ̀gbẹ tó ti ń yọjú tipẹ́ wá jókòó sí mi lára pátápátá. Lọ́jọ́ kan ni bàtà ha mí ní ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì. Egbò kékeré ni, mo fojú di í. Kò san. Ó dúdú, ó sì ń rùn. Nígbà tí mo fi dé ilé ìwòsàn, dókítà, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó wá jókòó tì mí.

Ó ní, "Ìyá, ìka yìí ti lọ. Ẹsẹ̀ tó kù ni ká jọ gbà là. Mo máa fún yín lóògùn, àmọ́ òògùn ò lè bá yín rìn, kò sì lè bá yín jẹun."

Wọ́n gé ìka náà. Mo padà sílé, mo tún jókòó sórí àga.

Litiana ló wá bá mi jà. O rántí Litiana, ọmọ abúlé òdìkejì ọ̀nà, tó máa ń gun igi gúáfà láti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ bí bàbá rẹ bá ń kọ́ wa ní yógà, ìdárayá àti mímí àwọn baba ńlá wa? Ó ti di ìyá àgbà. Ó sanra, ohùn rẹ̀ sì ń mi ilé, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ obìnrin nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọn. Ó gbé ewé kókò tó fi wàrà àgbọn sè wá kí mi. Ó wọ ilé ìdáná mi lọ, ó rí ìkòkò tí aláǹtakùn ti kọ́lé sí, ló bá padà wá dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n.

"Tara, ṣé ọkọ rẹ nìkan ló kú ni, àbí ìwọ náà ti tẹ̀lé e?"

Mo ní kó kúrò níwájú mi, mò ń wo nǹkan.

"Wọ́n á tún un fi hàn lọ́la. Dìde. Ibi tí Baba Ragho ti máa ń dá wa lóró nígbà yẹn, ibẹ̀ là ń lọ láàárọ̀ ọ̀la."

"Ìgbà wo ni wọ́n dá ìwọ lóró? Ṣebí orí igi lo máa ń wà."

"Orí igi yẹn ni mo ti kọ́ yógà náà. Mo sì mọ̀ ọ́n ju ìwọ tó máa ń sùn lọ síbẹ̀ lọ."

Premila, orúkọ bàbá rẹ tó dá yẹn ló mú mi. Mo rí i bí àná: Baba Ragho nínú aṣọ funfun tó ró mọ́ ìdí, ojúgun rẹ̀ tí ewé ìrèké ti ha káàkiri, tí yóò kó wa jáde ní ìdájí kó tó lọ sóko. Ìkùukùu á bo odò mọ́lẹ̀. Á ní ká mí sínú bí ẹni tó ń gbọ́ òórùn òdòdó, ká mí síta bí ẹni tó ń fẹ́ tíì gbígbóná. A ó máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wa, a ó máa pa ẹ̀rín mọ́nú, ikùn wa á sì máa kùn, torí a mọ̀ pé ìyá rẹ ti ń yan róòtì, pé ẹ̀wà tí ata ilẹ̀ pupa ti sọ di rúsúrúsú wà lórí iná. Baba a máa sọ pé ara ni ilé àkọ́kọ́ téèyàn ń gbé, pé ẹni tí kò bá gbá a, ẹ̀gbin ni yóò lé e jáde. A rò pé ó ń fi wá ṣòfò àárọ̀ ni. Àṣé ogún ló ń pín fún wa.

Àgbàrá ti kó púpọ̀ lọ níbẹ̀. Igi máńgòrò yín ti lọ, odò ti jẹ ilẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n koríko ṣì tutù, àwọn òkè òdìkejì ṣì ń wò wá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní kí n fi ẹsẹ̀ òsì nìkan dúró bí igi, mo lulẹ̀. Èèyàn kì í mọ iṣẹ́ tí ọmọńdinrín ń ṣe àfi bó bá lọ. Litiana ní òun fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn mí, òun náà wó lé mi. A rẹ́rìn-ín títí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi fi bi wá bóyá kí wọ́n wá gbé wa.

A lọ lọ́jọ́ kejì, a sì ń lọ títí di ìsinsìnyí. A tún ẹ̀yìnkùlé mi ro, a gbin tẹ̀tẹ̀, ìgbá àti ejìnrìn. Litiana a máa mú ẹja wá, èmi a se ẹ̀wà, a jọ ń jẹun. Ejìnrìn náà korò dénú egungun. Mo ní kó jẹ́ n bu ṣúgà díẹ̀ sí tíì lé e, ó ní, "Bu ú, kí n lọ pe dókítà kó wá gba ìka mìíràn." Mo mu tíì náà lófìfo. Dókítà ọ̀hún ti yẹ̀ mí wò. Ojú egbò ti pa dé, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ mi kò lọ síbì kankan mọ́. Ó kìlọ̀ kí n má pa òògùn tì, n kò sì pa á tì.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán, ó ku ìdùbúlẹ̀ ìkẹyìn tí bàbá rẹ ń pè ní ìdùbúlẹ̀ òkú. Litiana kò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn. Ó ní, "Bí àlùfáà bá bi mí léèrè, ṣé kí n ní mo lọ kú létí odò ni? À ń sinmi, ó tán." A dùbúlẹ̀, òjò dé. Mo fẹ́ dìde. "Dùbúlẹ̀ jàre. Ṣé iyọ̀ ni ẹ́ ni?"

Mo dùbúlẹ̀. Òjò náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń bọ́ sí mi lójú, mo sì rántí Jagdeo, bó ṣe máa ń sáré jáde lọ ká aṣọ lórí okùn bí òjò bá ti ṣú, tí yóò máa pè mí pé Tara, mú apẹ̀rẹ̀ wá. Ni ẹkún bá gbé mi. Premila, láti ọjọ́ tí a ti fi iná sun òkú rẹ̀ bí àṣà wa, omi kò bọ́ lójú mi rí. Gbogbo èèyàn ń yìn mí pé mo lọ́kàn akin, èmi sì ń rò pé nǹkan kan ti gbẹ nínú mi. Mo sunkún bí ọmọdé. Litiana kò ní kí n dákẹ́. Ó kàn yí sí ọ̀dọ̀ mi, ó na ọwọ́ ńlá rẹ̀, ó fi bò mí lójú kí òjò má bàa máa lù ú, ó sì fi síbẹ̀ títí mo fi sunkún náà tán.

Ìwọ náà sọ fún mi nígbà kan pé oorun kì í kùn ọ́ mọ́. Bí o bá ráyè ní oṣù Kẹrin, nígbà tí òjò bá ti fúyẹ́, wá. Má ra nǹkankan bọ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Litiana ní kí n kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé igi gúáfà náà ṣì wà, àmọ́ kò lè gbé òun mọ́.

Èmi ni, tìrẹ láti kékeré,
Taramati.