Omi Nínú Kọ̀ǹpútà Bùọ̀dá Sọjí

Ọjọ́ Ajé, 8 Máàṣì 1999

Mo ti dé Ìlíṣàn. Wọ́n ní kí n wá máa tọ́jú Ìyá àgbà, àmọ́ mo mọ ìdí rẹ̀. Mo ní mi ò padà sí SS1 mọ́, ni màmá mi bá lé mi kúrò ní Ìrolú. Kí orí mi lè pé lọ́dọ̀ àbúrò wọn, Bùọ̀dá Sọjí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ìjọ Sábáàtì ní ìṣirò. Orí mi pé. Ilé-ìwé ni kò bá mi lára mu.

Ìyàwó Bùọ̀dá, Àǹtí Láídé — láti òní lọ Sájẹ́ǹtì ni orúkọ wọn nínú ìwé yìí — ti ka òfin ilé fún mi kí n tó sọ báàgì kalẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀, rárá. Kọfí, rárá. Ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, kí oòrùn tó wọ̀, èmi ni n óò máa yí ilé ká pa súìṣì: rédíò, tẹlifíṣọ̀n, áyọ́ọ̀nù, ohunkóhun tó bá ń ṣiṣẹ́. Sábáàtì ti ń wọlé nìyẹn.

Mo ní fíríjì ńkọ́?

Wọ́n ní, "Fíríjì kì í ṣiṣẹ́. Oúnjẹ ló ń tọ́jú."

Inú mi ni mo ti rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Máàṣì

Ìyá ò dá mi mọ̀ títí mo fi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 11 Máàṣì

Bùọ̀dá sọ òótọ́ fún mi lónìí. Ojú Ìyá ń lọ. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ sí kó padà. Àárín ojú nìkan ló kù, bí ẹni ń yọjú wo ìta láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Dókítà ní ihò yẹn náà ń dí.

Ohun kan ṣoṣo tí Ìyá ń fẹ́ rí ni ulé. (Ìyá ò ní pè é ní ilé láéláé, ará Rẹ́mọ pọ́ńbélé ni wọ́n.) Ulé àtijọ́ ní Ofin, ní Ṣàgámù, níbi tí wọ́n bí màmá mi àti Bùọ̀dá sí. Òjò ti wó o kí wọ́n tó bí mi. Kò sí fọ́tò rẹ̀, ẹyọ kan.

Bùọ̀dá wá ń kọ́ ọ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ gbọ́ o! Wọ́n á bi Ìyá: òpó mélòó? Fèrèsé wo ló kọjú sí ọ̀nà? Wọ́n á sọ ìdáhùn di ìṣirò. Kọ̀ǹpútà á wá máa ya ilé náà fúnra rẹ̀, láti orí òrùlé wá sílẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ́ ẹní. Tọ̀sán tòru. Kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, á dá kú gbọnrangandan.

Ooru ni. Bùọ̀dá ti mú un sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, kó lè tètè parí, àsìkò ooru la sì wà. Fáànù inú rẹ̀ ò ràn án. Mo fọwọ́ kan án, mo yọwọ́ kíá.

Orúkọ tí mo sọ ọ́: Àdògán, nítorí ó ń gbóná bí ààrò.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Máàṣì

Bùọ̀dá fẹ́ da omi sínú Àdògán. OMI. Inú ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà kan ni wọ́n ti kà á.

Ní ìdí oúnjẹ ọ̀sán, Sájẹ́ǹtì sọ ṣíbí kalẹ̀. "Bàbá Kíkí" — Kíkí ọmọ wọn wà nílé-ìwé ní Ìbàdàn — "iná àti omi? Ṣé ẹ fẹ́ kí Kíkí wá bá òkú wa nílé ni?"

Bùọ̀dá ní kí ló wà nínú rédíétọ̀ mọ́tò, ṣé kì í ṣe omi?

"Mọ́tò kì í sùn nínú ilé mi."

Ìrọ̀lẹ́ — mo pa súìṣì yí ilé ká. N ò ní purọ́ fún ìwé yìí, ó dùn mọ́ mi díẹ̀. Ilé á máa dákẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Máàṣì

Èmi àti Bùọ̀dá lọ sí Ìjòkú ní Ṣàgámù, lọ́dọ̀ Ebenezer tó ń tún rédíétọ̀ ṣe. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òkìtì rédíétọ̀ kéékèèké, kò sí èyí tó ju Bíbélì lọ. Ó ní inú mọ́tò tòkunbọ̀ ni wọ́n ti ń yọ wọ́n dànù. Òun ni òyìnbó fi ń mú ooru wọ inú mọ́tò nígbà òtútù.

"Ta ló fẹ́ ooru kún ooru ní Ṣàgámù? Ẹ mú èyí tó bá wù yín, ọ̀gá. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Bùọ̀dá ní kọ̀ǹpútà ni.

Ebenezer wò wọ́n. Ó wá yíjú sí mi. "Àbúrò, ṣé ọ̀gá jẹun kí wọ́n tó jáde?"

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rín in bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ó ṣe é o. Ó ká páìpù bàbà tó jẹ́ ti fíríjì bí ejò, ó gbé e lé orí bàbà pẹlẹbẹ tí kò ju páálí ìṣáná lọ, ó tan iná búlúù sí i. Òjé yọ́. Ó sáré wọ gbogbo àlàfo láìsí ẹni tó tì í, bíi pé ó ti mọ ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ pé irin máa ń mọ ọ̀nà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Máàṣì

A tò ó sórí tábìlì lónìí, a ò tíì fi sínú Àdògán. Pọ́ńpù rẹ̀ jẹ́ èyí tí òyìnbó kan tó ti padà sílùú wọn fi ń da omi yípo fún ẹja rẹ̀. Róbà tó mọ́ gaara, bíi ti ọsibítù. Omi bátìrì, èyí tí kò ní ásíìdì — Bùọ̀dá ní omi kànga á dí páìpù bí ìdọ̀tí ìdí kẹ́tùlù. A tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ gbogbo rẹ̀, kí a lè mọ̀ bó bá ń jò.

Wọ́n tan pọ́ńpù. Ó kùn wùùù, bí oyin tó jìnnà.

Afẹ́fẹ́ róbótó kan há sínú omi inú róbà. Ó gbéra níbi pọ́ńpù, ó kọjá lára bàbà, ó wọ rédíétọ̀ lọ — mo rò pé ó tán — ó tún yọ lódì kejì. Ó ń yípo bẹ́ẹ̀. Mo jókòó tì í títí Sájẹ́ǹtì fi pariwo pé ìrẹsì ń jóná. Ó ti jóná.

Orí róbà kan jò. Èmi ni Bùọ̀dá ní kí n dè é.

Ọjọ́rú, 17 Máàṣì

Ìwé ìròyìn gbẹ. Mo ti lọ fọwọ́ pa á láìmọye ìgbà.

Ọjọ́bọ̀, 18 Máàṣì

A fi sínú Àdògán lónìí. Bùọ̀dá fi ìpara funfun ra ọpọlọ rẹ̀, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń ṣe ìṣirò, wọ́n tẹ bàbà lé e, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ lé ọmọ lórí. Wọ́n ki wáyà Àdògán bọ bátìrì ńlá tó ń gbé iná dúró. Ibẹ̀ ti kún, wọ́n bá ki ti pọ́ńpù bọ ara ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò.

Ó ń ya ilé láti ọ̀sán. Kò kú.

Bùọ̀dá mú ọwọ́ mi lé róbà méjèèjì. Èyí tó ń wọlé tutù. Èyí tó ń jáde lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ara èèyàn.

Wọ́n ní, "Ìrònú rẹ̀ lo fọwọ́ kàn yẹn, Bánkẹ́. Gbogbo ìṣirò tó bá ṣe, ooru ló ń dà."

Mo ti ń gbé ayé láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ìrònú ṣeé fọwọ́ kàn.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Máàṣì

Òrùlé ti yọ. Orí òpó ti yọ. Oòrùn sì ń lọ.

Bùọ̀dá ò fẹ́ pa á. Wọ́n ní, "Èmi kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Òun ni."

Sájẹ́ǹtì ní òfin ní kí ẹran ọ̀sìn pàápàá sinmi.

"Ṣé ẹran ọ̀sìn ni?"

"Ẹ kúkú ń fún un lómi!"

Ìyá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Sájẹ́ǹtì fúnra wọn rín in. Bùọ̀dá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tí oòrùn bá ti wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣí yàrá Àdògán di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Wọ́n lọ wẹ̀. Sájẹ́ǹtì ń pè mí pé ilẹ̀ ń ṣú, kí n yára. Mo sáré yí ilé ká pa súìṣì, mo sì ti ilẹ̀kùn yàrá Àdògán. A kọrin.

Sábáàtì, 20 Máàṣì

Oòrùn wọ̀, a gbàdúrà parí, Bùọ̀dá ṣí yàrá. Ìdákẹ́jẹ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Pọ́ńpù ò kùn.

Òrùlé, òpó, ìlàjì ilẹ̀kùn — dúdú ló kù. Ó ti dá kú. Bàbà rẹ̀ gbóná débi pé Bùọ̀dá jó lọ́wọ́. Òórùn kan ń jáde tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé.

Mo wo ara ògiri. Rédíò, mo pa á. Súìṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti pọ́ńpù, mo pa òun náà. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára, kò dúró bi mí.

Mo lè sọ pé iná ló lọ. Ẹnu mi ti là. Ohun tó jáde ni, "Bùọ̀dá, èmi ni."

Wọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ohun tí a kọ́ ẹ lo ṣe. Èmi ni mo fẹ́ gba ẹ̀yìn wọ Sábáàtì."

Sájẹ́ǹtì gbé orí ẹja fún mi nínú oúnjẹ alẹ́. Mi ò lè jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Máàṣì

Ó jí! Ọlọ́run o, ó jí.

A bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé. Ìyá ń wá ṣíbí láàárọ̀. Iwájú wọn ló wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Máàṣì

Ó parí.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́. Ilé kan dúró nínú gíláàsì Àdògán. Oòrùn ń ràn sí i láti apá ọ̀tún. Òjìji òpó sùn sórí àtẹ̀gùn, ó sì kán níbi tí àtẹ̀gùn ti kán. Kò sẹ́ni tó ya òjìji yẹn, Bùọ̀dá ní ìṣirò ló wá a rí. Ilé tí màmá mi ti rákò.

A gbé àga Ìyá súnmọ́ ọn títí imú wọn fi fẹ́ẹ̀ kan gíláàsì. Ihò kọ́kọ́rọ́ wọn ń rìn lórí ilé náà, díẹ̀díẹ̀. "Òpó. Òpó. Fèrèsé bàbá yín." Wọ́n fọwọ́ lé àtẹ̀gùn. "Ulé mi rè é."

Bùọ̀dá ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ìyá ò kúrò níbẹ̀. Wọ́n tún wò ó láti òkè délẹ̀. Wọ́n wá ní, "Adésọjí, àwọn èèyàn dà?"

"Ìyá?"

"Mi ò rí ulé yìí lófìfo rí. Àfi ọjọ́ tí a kó jáde, tó kù díẹ̀ kó wó."

Pọ́ńpù nìkan ló ń kùn.

Ìyá wá ń sọ ọ́: òpó kejì ni àwọn máa ń fẹ̀yìn tì nírọ̀lẹ́, màmá mi lórí ẹsẹ̀ wọn, Bùọ̀dá nílẹ̀. Bùọ̀dá fa àga, wọ́n fi mí jókòó síwájú Àdògán. Wọ́n ní èèyàn ṣòro ju ilé lọ, ó fẹ́ ọwọ́ méjì. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi ìṣirò ṣe ohun tó rí róbótó. Wọ́n kọ́ mi. Kò yé mi, mo tún bi wọ́n, ó yé mi.

Mo ti ṣe orí Ìyá. Bọ́ọ̀lù kan péré ni, lára òpó kejì. Kò tíì ní ojú.

Ìyá ń bèèrè láti orí bẹ́ẹ̀dì pé ṣé ó ti parí.

Mo ní ó kù díẹ̀. Irọ́ ni. Ó kù púpọ̀.

Ojú Ìyá, jọ̀ọ́, dúró dè mí.