Aṣọ Ìnujú Tó Kárí Agbo Ilé

Sí Fágbèmí ọmọ mi ní Èkó,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ilé wa wà níbi tí o fi í sí ní Ẹ̀fọ̀n, Olódùmarè ò sì jẹ́ kí ogun Ìmẹ̀sí gòkè wá bá wa. Èmi ìyá rẹ ni mò ń sọ̀rọ̀, Ògúntóyè ọmọ ilé wa tó ti Èkó padà dé ló ń bá mi kọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má yọ èébú kankan kúrò.

Aṣọ funfun pélébé tí o fi rán àwọn oníyọ̀ dé ọwọ́ wa. Wọ́n ní o ní kí a máa fi nu imú Ògúnbùnmi ọmọ rẹ bí ọ̀fìnkìn bá mú un, kí a sì ká a pa mọ́. Mo bi wọ́n pé kí ni ẹ̀yin ará Èkó ń kó ikun pa mọ́ fún, ṣé ẹ ń tà á fún òyìnbó ni. Àwa ń fun tiwa dànù sínú igbó, a kì í padà lọ wò ó.

Ọ̀fìnkìn kúkú bá ọyẹ́ dé. Ọmọ tó ń sáré kiri láàárọ̀, nígbà tó fi di ọ̀sán ara rẹ̀ ti gbóná, ó ń wúkọ́, ó ní gbogbo egungun ń ro òun, kò sì fẹ́ oúnjẹ. Mo mú aṣọ jáde. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé ohun tó bá ti òkèèrè wọ agbo ilé wa kì í ṣe ti ọmọ kan, nítorí náà bí ó ti nu imú tán, mo gbé e fún àwọn ọmọ mẹ́wàá yòókù, láti orí àgbà dé orí kékeré, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní mo ń ṣojúsàájú. Aṣọ náà lágbára, ọmọ mi! Kó tó di ọjọ́ kẹta, gbogbo wọn ti ń wúkọ́. Mo ní ó ti fa àìsàn tó sá pamọ́ sí wọn lára jáde, mo sì ń yìn ọ́ káàkiri.

Ọjọ́ kẹrin ni ẹ̀rù bà mí, tí Ògúnbùnmi ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ìhà rẹ̀ ń wọnú, tí kò gba omi mọ́. Èmi àti Fúnmiọlá aya rẹ sunkún. Ògúntóyè wọlé, ó bá gbogbo wa nínú yàrá kan pẹ̀lú iná tó ń rú èéfín, ó sì bú mi bí ẹni pé òun ló bí mi. Ó ní aṣọ ẹnì kan ṣoṣo ni, pé àìsàn ni mo ń bù fún wọn bí ọbẹ̀. Ó lé wọn síta, ó gbé iná jáde, ó ṣílẹ̀kùn, ó se aṣọ náà nínú omi híhó, ó ní kí n máa fọwọ́ kí n tó fọwọ́ kan ọmọ, èmi tí mo fi ọwọ́ yìí kan náà tọ́ ọ dàgbà! Mo fọ̀ ọ́ ṣá. Mo ń fi ẹ̀kọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, àti omi, títí ara fi tù ú lọ́jọ́ keje.

Jọ̀wọ́, fi aṣọ mẹ́wàá sí i ránṣẹ́, kí imú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, àti ọ̀kan fún mi, nítorí èmi náà ti ń wúkọ́ báyìí.

Lánàá ni Ògúnbùnmi bi mí bóyá ẹni tó fi aṣọ ránṣẹ́ máa ń wúkọ́ bíi tòun. Mo ní n kò mọ̀, ó di ọdún mẹ́rin tí mo ti gbọ́ ikọ́ rẹ gbẹ̀yìn.

Kí Ògún la ọ̀nà fún ọ o. Bó bá sì là á tán, kí o gbà á wá sílé.

Èmi ìyá rẹ,
Àpọ̀kẹ́