Àgbélébùú Dúdú Nínú Ẹ̀kán Òróró

Bàbá mi, ẹni tó sọ mí lórúkọ,

Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò lè sọ ọ́ fún Màámi, torí láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, bí mo bá wúkọ́ lásán, àyà wọn á já. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún tí ẹ ò ní sunkún.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí kò ṣojú yín. Lábò kan ni, ilé àyẹ̀wò ìṣègùn, níbí ní Sakété. À ń wá ọ̀nà tí a ó fi tètè mọ̀ bí kíndìnrín èèyàn bá ti ń bàjẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú bíi tiyín. Òróró kan la ń lò, irú èyí tó wà lẹ́yìn gíláàsì tẹlifóònù tó ń jẹ́ kí àwòrán hàn. A ó pò ó mọ́ omi títí yóò fi di ẹ̀kán wínníwínní, a ó kán ìtọ̀ sí i, a ó wá fi mikroskópù wò ó. Bí pùròtéènì tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ bá ti jò sínú ìtọ̀ náà, àgbélébùú dúdú á yọ láàárín ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Bí ìtọ̀ bá mọ́, kò ní yọ.

Àwa òṣìṣẹ́ la máa ń mú ìtọ̀ tiwa tó mọ́ wá, tí a ó fi ti àwọn aláìsàn wé. Lọ́jọ́ Ajé, ó kàn mí. Mo wojú mikroskópù, àgbélébùú ni mo rí, wọ́n pọ̀ lọ súà bíi ti itẹ́ òkú. Ọ̀gá wa obìnrin wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọṣẹ dúdú tí Màámi ń sè ni mo fi fọ ìgò! Ẹ mọ̀ mí, kò sí ibi tí mi ò ń gbé ọṣẹ yẹn lọ. Ọṣẹ náà sì máa ń fa àgbélébùú bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la mọ̀. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọ̀sán, wọ́n sọ mí di Ìyá Ọlọ́ṣẹ, èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá, lọ́jọ́ kejì mo mú ìgò tuntun tí ọṣẹ ò kàn rí. Àgbélébùú. Lọ́jọ́rú mo tún mú òmíràn. Yéè! Àgbélébùú náà ni. Mo jẹ́ kí ọ̀gá mi máa gbà pé ọṣẹ ni, mo da ìtọ̀ náà nù.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rántí yín lẹ́yìn ilé wa ní Issaba. Bí ẹ bá tọ̀ láàárọ̀, ìtọ̀ yín á máa hó bí ẹmu, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo rò pé ìmọ́tótó yín ló pọ̀ jù; mi ò mọ̀ pé pùròtéènì ló ń mú un hó bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe yín? Ṣé àwa lẹ ń fi pa mọ́ fún, àbí ara yín? Nígbà tí ẹsẹ̀ yín wú, gbogbo ilé gbà pé ẹ tẹ nǹkan burúkú mọ́lẹ̀ ni. Èmi tí mo kàwé náà gbà. Ẹ foríjì mí. Ó ń dùn mí gan-an ni.

Lánàá mo sọ òtítọ́ fún ọ̀gá mi. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti bá mi gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà kan ní Pobè, ọ̀la ni wọn ó gba ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹ̀kán òróró lè ṣìnà, a ṣì ń dán an wò ni. Mo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi, ọkàn mi ò gbà. Mi ò tíì lọ́kọ, mi ò tíì bímọ. Ṣé lára yín ni mo ti gbà á? Mi ò bínú o.

Mo lá àlá yín lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ nawọ́ sí mi. Tẹ́lẹ̀, inú mi máa ń dùn bí mo bá rí yín lójú àlá. Lọ́tẹ̀ yìí, mo sá. Mo mọ̀ pé àárò mi ń sọ yín. Tiyín ń sọ èmi náà, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ẹ má tíì pè mí. Bí ẹ bá rí mi lọ́ọ̀ọ́kán tí mò ń bọ̀, ẹ má kí mi káàbọ̀. Ẹ lé mi padà sọ́dọ̀ Màámi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì ń sá fún yín.